PUPA KÌ Í ṢE ẸYỌ KAN

Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń fi ọ̀dà olómi ya ewé àti igi ní ìgbà ìwọ́wé

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ya igi kan ní àkókò tí ewé rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń bọ́. Ẹ má ṣe wí pé, "Àwòrán yíyà kẹ̀? Iṣẹ́ ọmọdé ni!" Rárá o. Ẹni tí ó ti lè fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ara rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ọwọ́ tí ó kọ orúkọ náà ni yóò ya ewé. Ojú ni ó ni ìdajì kejì. Ní ti ojú, a ó rí i pé àgbàlagbà ní ohun tí ọmọdé kò ì tíì ní.

1. ÌGBÀ ÌWỌ́WÉ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ní ilẹ̀ tiwa, ìgbà méjì ni a mọ̀ jù: ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Ìgbà ìrúwé ni ewé tuntun ń yọ. Ìgbà ooru ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí dé oṣù Nòfẹ́ńbà. Ìgbà òtútù ni ó kẹ́yìn. Orúkọ ìgbà ìwọ́wé ti sọ ohun tí ó jẹ́: igi ń wọ́wé, ewé ń bọ́ sílẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, igbó ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Epping Forest. Ní ọdún 1878, ìjọba ṣe òfin kí ẹnikẹ́ni má baà gba igbó náà ṣe ti ara rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1882, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀, wọ́n sì fi igbó náà lé gbogbo ará ìlú lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, olówó àti tálákà ni ó ń rìn níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé ẹ̀bá igbó náà.

Igi kan pọ̀ níbẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní beech. Àwa yóò máa pè é ní bíìṣì. Èèpo ara rẹ̀ ń dán, ó sì ní àwọ̀ eérú. Ewé rẹ̀ kò tóbi. Gígùn rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Iṣan ewé náà tò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì bí egungun ẹja. Igi yìí ni a ó yà.

2. KÍ NI Ó Ń PA EWÉ LÁWỌ̀ DÀ?

Ewé ni ilé ìdáná igi. Inú ewé ni igi ti ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ láti fi se oúnjẹ rẹ̀. Ohun tútù kan wà nínú ewé tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn mú fún iṣẹ́ yìí. Òun ni ó jẹ́ kí ewé ní àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Júùnù, ojúmọ́ máa ń gùn ju wákàtí 16 lọ. Bí Dìsẹ́ńbà bá fi dé ìdajì, ojúmọ́ kò ní tó wákàtí 8 mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ní Èkó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojúmọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń dínkù, tí òtútù sì ń bọ̀, igi a bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ ilé ìdáná mọ́. A fa oúnjẹ tí ó kù nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti ìtì rẹ̀. Ohun tútù inú ewé a bàjẹ́, a sì lọ. Nígbà náà ni àwọ̀ ìyeyè yóò hàn. Ṣé àwọ̀ ìyeyè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Rárá. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọ̀ tútù ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó fi dáì pa ewú orí rẹ̀. Nígbà tí dáì bá ṣí, ewú tí ó ti wà níbẹ̀ a yọjú. Ṣùgbọ́n àwọn igi mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe àwọ̀ pupa tuntun sínú ewé wọn ní àkókò yìí, pàápàá bí oòrùn bá mọ́ lọ́sàn-án tí òtútù sì mú lóru.

Ní ìkẹyìn, igi a dí ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, bí ẹni fi ìdérí dí ẹnu ìgò. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ewé bọ́. Igi kò kú o! Ó ju ewé sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè la òtútù já ni. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, a tún rú.

Àwa náà ní igi tí ó ń wọ́wé. Ìrókò ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àràbà náà ń wọ́wé. Igi fúrúùtù, tí a ń gbìn sí iwájú ilé nítorí òjìji rẹ̀, ewé rẹ̀ a máa pọ́n dáadáa kí ó tó bọ́. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, àìtó omi ni ó fà á jù. Kì í ṣe òtútù.

3. PUPA MÉLÒÓ NI Ó WÀ?

Èdè wa ní dúdú, ó ní funfun, ó ní pupa. Epo, a ní pupa ni. Ilẹ̀ ojú ọ̀nà, pupa. Osùn, pupa. Ènìyàn tí ara rẹ̀ mọ́, a ní ó pupa. Kò burú, gbogbo wa ni a gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n bí a bá dé abẹ́ igi bíìṣì ní oṣù Ọ̀kìtóbà, tí a kàn ní "pupa ni," tí a ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa, tí a sì fi kun gbogbo rẹ̀, igi náà yóò dà bí ilé tí iná ń jó.

Kí ni ká wá ṣe? Ká ṣe bí àwọn baba wa ti ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ fi pupa kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn, wọ́n a fi í wé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n a ní àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n a ní àwọ̀ epo. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ọgbọ́n ayàwòrán.

Ẹ rántí dòdò nínú òróró gbígbóná. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ dà á sínú agbada, ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Láìpẹ́, etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Pípọ́n náà a rìn láti etí wá sí àárín. Bí a kò bá tètè yọ ọ́, etí a dúdú nígbà tí àárín ṣì pupa. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ewé bíìṣì ṣe ń ṣe. Etí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ̀bá iṣan àárín ni àwọ̀ tútù ń pẹ́ sí jù. Nínú ewé kan ṣoṣo, ẹ lè rí pupa mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àgbẹ̀ tí ó ń wo kòkó lórí igi mọ èyí tí ó gbó àti èyí tí ó kù díẹ̀. Aláró mọ ìgbà tí aṣọ mu aró tó. Ìyá tí ń fọ epo mọ epo tí ó dára láti òkèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ojú yín ti ń kàwé kí ẹ tó mọ lẹ́tà kan. Ohun tí a sọ pé àgbàlagbà ní nìyẹn.

4. OHUN ÈLÒ

Ohun tí a ó lò kò pọ̀:

Bébà funfun tí ó nípọn. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa wú bí omi bá kàn án.
Búrọ́ọ̀ṣì méjì: ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó.
Ife omi méjì: ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún omi mímọ́.
Àwo funfun tí a ó máa po ọ̀dà lórí rẹ̀.
Àkísà mímọ́ kan, àti pẹ́ńsù.
Ọ̀dà olómi mẹ́rin péré.

Ọ̀dà olómi ni ọ̀dà tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi oje igi pò. Oje náà ni ó ń jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ bébà. Ọ̀pọ̀ irú oje yìí ń ti ilẹ̀ Sudan, Chad àti apá àríwá Nàìjíríà wá, lára igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó ní Epping Forest tí ó ń ya igi Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ oje igi ilẹ̀ wa ni ó wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọ̀dà mẹ́rin tí a ó rà nìyí. Ẹ ka orúkọ wọn lára páálí, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èkíní ni yellow, àwọ̀ ìyeyè. Èkejì ni red, pupa gidi. Ẹ̀kẹta ni burnt sienna. Siena jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ítálì. Ilẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà yìí. Wọ́n a yan án níná títí yóò fi pọ́n. Ẹ lè pè é ní ọ̀dà ilẹ̀ pupa. Ẹ̀kẹrin ni ultramarine, àwọ̀ aró.

Bí a ṣe ń po pupa orísirísi nìyí:

Pupa ìyeyè: ìyeyè nìkan, pẹ̀lú omi púpọ̀.
Pupa dòdò: ìyeyè púpọ̀, ilẹ̀ pupa díẹ̀.
Pupa epo: ìyeyè àti pupa gidi.
Pupa bàbà: ilẹ̀ pupa púpọ̀, pupa gidi díẹ̀.
Pupa èèpo àkàrà: ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú aró bíńtín.

Bí ẹ bá po aró àti ilẹ̀ pupa pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, ẹ ó rí àwọ̀ eérú. Bí omi rẹ̀ bá kéré, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Òun ni a ó fi ya ìtì igi àti òjìji. Aró àti ìyeyè ni a ó fi ya ewé tí ó ṣì tútù.

5. Ẹ JẸ́ KÁ YA EWÉ KAN

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin kan. Nínú ọ̀dà olómi tiwa yìí, a kò ní ọ̀dà funfun. Bébà ni funfun wa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, bébà ni a ó fi sílẹ̀ láìkùn. Nítorí náà, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń kọ́kọ́ fi sí i, a ó sì máa fi àwọ̀ tí ó le tẹ̀ lé e. Ibi tí a bá ti kùn dúdú, ó ṣòro kí ó tó tún mọ́.

Ẹ mú ewé kan tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó mú ewé bíìṣì. Ẹni tí ó wà nílé, kí ó mú ewé fúrúùtù. Ẹ gbé e sórí bébà funfun. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka àwọn pupa tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ.

Èkíní: Ẹ fi pẹ́ńsù ya etí ewé àti iṣan àárín. Ẹ má tẹ pẹ́ńsù mọ́ bébà jù.

Èkejì: Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kun gbogbo ewé náà ní pupa ìyeyè, kí omi rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ojú kékeré kan sílẹ̀ láìkùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ mọ̀nà.

Ẹ̀kẹta: Kí ó tó gbẹ, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan pupa dòdò, kí ẹ fi kan etí ewé náà. Ẹ ó rí i pé ọ̀dà yóò rìn fúnra rẹ̀ wọ inú omi. Ẹ jẹ́ kó máa rìn! Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì lé e kiri.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ dúró kí ó gbẹ pátápátá. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Bí ó bá ṣì tutù, kò ì tíì gbẹ.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ po pupa bàbà. Ẹ fi kun àárín iṣan kan sí iṣan kejì, kí ẹ sì fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò di iṣan ewé. Ẹ ò rí i? A kò ya iṣan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a kùn tí òun fi hàn.

Ẹ̀kẹfà: Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi pupa èèpo àkàrà tọ́ ibi tí kòkòrò ti jẹ àti ibi tí etí ti gbẹ. Ní ìkẹyìn, ẹ fi àwọ̀ eérú tí omi rẹ̀ pọ̀ ya òjìji sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ kò ti wá. Ẹ ó rí i tí ewé yóò dìde kúrò lórí bébà.

6. Ó DI ORÍ IGI

Bí ẹ bá ti ya ewé mẹ́wàá, ẹ lè bọ́ sí orí igi. Àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ sí ya ewé igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn! Nígbà tí a bá dúró lókèèrè, a kì í rí ewé kọ̀ọ̀kan. Ìdì ewé ni a ń rí, bí a ti ń rí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jà láìrí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ di ojú yín díẹ̀, kí ẹ tún wo igi náà. Ibi tí ó mọ́ àti ibi tí ó ṣókùnkùn nìkan ni ẹ ó rí. Ohun tí a ó yà nìyẹn.

Ẹ fi pẹ́ńsù ya ìtì àti ẹ̀ka ńlá. Ẹ fi omi mímọ́ pa ojú ọ̀run, kí ẹ sì fi aró díẹ̀ kàn án lókè, kí ó máa fẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ya àwọn igi ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú omi púpọ̀ àti aró bíńtín. Ohun tí ó jìnnà kì í hàn ketekete. Ẹ dúró kí ó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá búrọ́ọ̀ṣì ńlá dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdì ewé sórí bébà. Pupa ìyeyè ni kí ẹ fi sí ìhà oòrùn, pupa dòdò sí àárín, pupa bàbà sí abẹ́ níbi òjìji. Ẹ fi ihò sílẹ̀ kí ojú ọ̀run máa yọ láàárín ewé. Igi tí kò ní ihò dà bí òkúta. Aró ojú ọ̀run yóò sì mú kí pupa náà tàn, nítorí aró àti pupa epo a máa gbé ara wọn ga.

Bí ó bá gbẹ, ẹ fi àwọ̀ eérú ya ìtì, kí ìhà kan fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìhà kejì le. Ẹ̀ka kò gbọdọ̀ hàn tán. Ibi tí ihò bá wà nìkan ni kí ẹ ti yà á. Ní ìkẹyìn ni ilẹ̀. Ewé tí ó bọ́ sí ẹsẹ̀ wa tóbi, ó hàn. Èyí tí ó jìnnà ti di ìlà àwọ̀ kan lásán.

7. OHUN MẸ́TA TÍ Ó Ń BA IṢẸ́ JẸ́

Èkíní ni ìkánjú. Bí a bá fi ọ̀dà lé èyí tí kò ì tíì gbẹ dáadáa, gbogbo rẹ̀ a dà rú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì ni àpòjù. Ọ̀dà méjì tó, bí ó pọ̀ jù kí ó jẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹrẹ̀ ni ẹ ó rí. Omi tí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, bí ó bá ti dúdú, ẹ dà á nù.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù. Ọ̀dà olómi a máa ṣá bí ó bá gbẹ. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù tí ó fi omi kún omi, àwòrán rẹ̀ yóò dà bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ le díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ.

8. KÒ PẸ́ JÙ

Ẹnìkan lè wí pé, "Èmi ti dàgbà jù." Ẹ gbọ́ ìtàn Aina Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1882. Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò rí olùkọ́ àwòrán; ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1920, nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún 37, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1922 ó padà wá sílé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó ní àwòrán yíyà. Títí ó fi kú ní ọdún 1963, ẹnikẹ́ni kò lè ní ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ewé kò ní dúró dè wá. Èyí tí ó ní àwọ̀ dòdò lónìí, ó lè ní àwọ̀ ilẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ mú un, ẹ wò ó, ẹ yà á lọ́jọ́ náà. Àwòrán àkọ́kọ́ lè má dára. Ẹ ya òmíràn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ.

ÌBÉÈRÈ

1. Ìgbà mélòó ni wọ́n ń kà nínú ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Níbo ni àwọ̀ ìyeyè wà kí ewé tó pọ́n?
3. Kí ni ó ń dúró fún funfun nínú àwòrán wa?
4. Kí ló dé tí a fi ń dúró kí ọ̀dà gbẹ?
5. Báwo ni a ṣe ń mú kí iṣan ewé hàn láìyà á?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ mú ewé kan tí ó ti pọ́n. Ẹ kọ orúkọ gbogbo pupa tí ẹ bá rí lára rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ohun kan tí ó wà nínú ilé, lóko tàbí lọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ewé náà, kí ẹ sì kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí abẹ́ rẹ̀.